Òṣùwọ̀n Tí Ó Wà Ní Ọwọ́ Wa



Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, àwa tí a máa ń péjọ láti ka Ìwé Mímọ́ lẹ́yìn Mísà jókòó sí yàrá katikísìmù, a sì ṣí Ìhìnrere gẹ́gẹ́ bí Lúùkù Mímọ́ ti kọ ọ́, orí 6, láti ẹsẹ 27 títí dé ẹsẹ 38. Àwa mẹ́rìnlá ni a wà níbẹ̀. Òjò ń rọ̀ sórí páànù tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń kàwé fi ní láti gbé ohùn sókè. Nígbà tí ó dé ẹsẹ ìkẹyìn, níbi tí Olúwa wa ti sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n rere, èyí tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí a gbọ̀n, tí ó kún títí tí ó fi ń dà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kà á láìwo ìwé. Ta ni Kristẹni ní ilẹ̀ wa tí kò mọ ẹsẹ yìí sórí? Ẹsẹ ìgbá ọrẹ ni. Ẹsẹ ọjọ́ ìkórè ni.

Mo béèrè lọ́wọ́ wọn pé, “Kí ni Olúwa wa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín?” Wọ́n dáhùn bí ẹni pé ẹnu kan ni wọ́n ní: “Owó ni, Fádà. Ọrẹ ni.”

Mo ní láti jẹ́wọ́ fún yín pé ẹnu àwa àlùfáà ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ẹnu tèmi sì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí a ń kó owó jọ fún òrùlé ilé ìjọsìn tí mo ń tọ́jú nígbà náà, ẹsẹ yìí ni mo gbé gun orí àga ìwàásù ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta léra wọn. Ẹsẹ 38 nìkan ni mo kà. Èmi kò ka ẹsẹ 36, bẹ́ẹ̀ ni èmi kò ka ẹsẹ 37. Òrùlé náà dúró, kò sì jò títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí mo wàásù fún gbé ọ̀rọ̀ Olúwa lọ sí ilé lẹ́yìn tí mo ti gé e lórí, tí mo sì ti gé e lẹ́sẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà kò yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe padà sí ẹsẹ 36 ní alẹ́ ọjọ́ náà. Níbẹ̀ Olúwa wa ní kí a jẹ́ aláàánú, bí Baba wa ti jẹ́ aláàánú. Ó ní kí a má ṣe dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́, kí a má sì dá a lẹ́bi. Ó ní kí a máa dárí jì. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ó wá ní kí a máa fi fúnni, tí ó sì mẹ́nu kan òṣùwọ̀n. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti tò tẹ̀ lé ara wọn. Àánú ni ó ń sọ láti òkè délẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ wá, tí kò tilẹ̀ tọrọ àforíjì, òun gan-an ni Olúwa ní kí a fi òṣùwọ̀n kíkún wọ̀n àánú fún. Bí ọrẹ bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ó wà níbẹ̀ bí ọmọdé ti í wà nínú ẹbí ni, kì í ṣe bí baálé.

Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n ṣí Mátíù orí 7, ẹsẹ 2, àti Máàkù orí 4, ẹsẹ 24, nítorí pé ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yìí kan náà wà ní ibi méjèèjì. Mátíù gbé e sí ibi ìdájọ́: òṣùwọ̀n tí a bá fi wọ̀n àṣìṣe aládùúgbò wa ni a ó fi wọ̀n tiwa, kíá lẹ́yìn èyí ni ó sì sọ ti ìtì igi tí ó wà ní ojú ẹni tí ó fẹ́ yọ ẹ̀rún igi ní ojú arákùnrin rẹ̀. Máàkù gbé e sí ibi ìgbọ́ràn: ó ní kí a kíyè sí ohun tí a ń gbọ́, nítorí bí òṣùwọ̀n wa bá ti tó ni tiwa yóò ti tó. Àwọn Ajíhìnrere mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan, ibi mẹ́ta. A wá ìgbá ọrẹ títí ní Mátíù àti ní Máàkù, a kò rí i. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó máa ń bá wa ka owó ọrẹ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Fádà, ẹ má jẹ́ kí gbogbo ìjọ gbọ́ o.” Mo ti jẹ́ kí wọ́n gbọ́ báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo ṣírò nígbà tí mo padà sí ilé. Láti ìgbà tí Ìjọ Mímọ́ ti pín ìwé kíkà ọjọ́ Ìsinmi sí ọdún mẹ́ta ní 1969, Ọjọ́ Ìsinmi Keje ti Ọdún C, ṣáájú Lẹ́ńtì, ni a máa ń ka ibi tí a ń wí yìí nínú Ìhìnrere Lúùkù. Ṣùgbọ́n bí Lẹ́ńtì bá tètè dé, ọjọ́ Ìsinmi náà kì í wáyé rárá. A kà á ní Fẹ́búárì 2007. Ní 2010 Lẹ́ńtì tètè dé, a kò kà á. Bákan náà ni 2013, bákan náà ni 2016. Ó di Fẹ́búárì 2019 kí ó tó tún kan ọjọ́ Ìsinmi. Fún ọdún méjìlá gbáko, ẹni tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bí kò ṣe ní Mísà ọjọ́ Ìsinmi kò gbọ́ ibi yìí ní odindi. Ṣùgbọ́n ìkórè mélòó ni a ti ṣe láàrin ọdún méjìlá náà, tí a kò sì ní pe ẹsẹ 38 nìkan? Àwọn Bàbá Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì, nínú ìwé Dei Verbum tí wọ́n gbé jáde ní 18 Novẹ́ńbà 1965, rọ gbogbo onígbàgbọ́ láti máa fi ọwọ́ ara wọn ṣí Ìwé Mímọ́ nígbà gbogbo, wọ́n sì kọ́ wa pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ ibì kan gbọ́dọ̀ wá ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn, kí ó sì wo gbogbo Ìwé náà pọ̀. Àwọn ará mi, ohun tí ó ṣáájú ẹsẹ àti ohun tí ó tẹ̀ lé e, ẹ má ṣe fò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọjà ni Olúwa wa fi ṣe àpèjúwe àánú yìí, ó sì yẹ kí ó yé àwa ará ìhín ju bí ó ti yé àwọn ará ìlú òyìnbó lọ. Ní ilẹ̀ Júù ìgbà náà, ẹni tí ń ta ọkà, bí ó bá jẹ́ ẹni rere, yóò bu ọkà sínú òṣùwọ̀n, yóò fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, yóò gbọ̀n ọ́n kí àyè má bàa ṣẹ́kù láàrin rẹ̀, yóò tún bù sí i títí yóò fi gun orí bí òkè, yóò sì dà á sínú ìṣẹ́po aṣọ oníbàárà ní àyà rẹ̀. Báyìí ni Bóásì ṣe wọn ọkà báálì mẹ́fà sínú ìborùn Rúùtù, tí ó sì gbé e rù ú. Ohun tí ó gun orí ẹnu òṣùwọ̀n yẹn, ṣebí èènì wa nìyẹn? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán lọ ra gàrí mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ kúrò ní ìsọ̀ láìgba èènì.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ èènì yìí, gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Ìyá kan kò rẹ́rìn-ín. Gàrí àti èlùbọ́ ni ó ń tà. Opó ni, ọmọ mẹ́ta sì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn Mísà, mo bá a ní ẹnu ọ̀nà ilé àlùfáà, ó di ohun kan sínú ìdajì ìró rẹ̀. Ó ti fún mi láyè láti kọ ìtàn yìí, kìkì kí n má dárúkọ rẹ̀.

Ó tú ìdì náà. Kóńgò ni. Ó ní, “Fádà, ẹ wo ìdí rẹ̀.”

Mo wò ó. Wọ́n ti fi òòlù lù ú láti ìsàlẹ̀ títí ìdí náà fi wọ inú lọ bí ìgbà tí a dojú àwo kékeré dé. Bí a bá wò ó láti òkè, tí gàrí sì wà nínú rẹ̀, ojú kò lè mọ̀ ọ́n.

Mo bi í pé, “Màmá, ta ni ó ṣe èyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rà á, Fádà. Ẹni tí ó tà á fún mi bi mí léèrè pé ṣé ti rírà ni mo fẹ́ ni, tàbí ti títà. Mo ní méjèèjì. Ti rírà wà nílé. Òun ni mo máa ń gbé lọ sí oko tí mo bá fẹ́ ra gàrí lọ́wọ́ àwọn ìyá tí ń dín in. Ìdí tirẹ̀ yọ síta.”

Mo jókòó. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni mo ń rántí Ìwé Deutarónómì orí 25, níbi tí Ọlọ́run ti kọ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé kí wọ́n má ṣe ní òkúta ìwọ̀n méjì nínú àpò, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré, kí wọ́n má sì ṣe ní òṣùwọ̀n méjì nínú ilé. Mo ti ka ibẹ̀ ní àkàtúnkà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Mo sì rántí wòlíì Ámósì, ọmọ Tékóà, darandaran tí ó tún máa ń tọ́jú igi ọ̀pọ̀tọ́, ẹni tí Ọlọ́run rán lọ sí ìjọba àríwá ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ ṣáájú ìbí Olúwa wa. Ní orí 8 ìwé rẹ̀, ó bá àwọn oníṣòwò wí, àwọn tí ń retí kí ọjọ́ ìsinmi tán kí wọ́n lè ṣí àká ọkà, kí wọ́n sọ éfà di kékeré, kí wọ́n sì sọ ṣékélì di ńlá. Éfà ni wọ́n fi ń wọn ọkà fún oníbàárà, ó tó nǹkan bíi lítà 22. Ṣékélì ni òkúta tí wọ́n fi ń wọn fàdákà tí oníbàárà mú wá, nítorí pé owó onírin tí a tẹ àwòrán lé kò tíì sí ní ilẹ̀ wọn. Ohun tí ó ń jáde kéré, ohun tí ó ń wọlé pọ̀. Ti rírà àti ti títà.

Ìyá náà wá béèrè ìbéèrè kan tí èmi kò lè gbàgbé. Ó ní, “Fádà, gbogbo wa ní ìlà wa la ń lò ó. Bí mo bá fi kóńgò tó pé tà ní iye tí àwọn yòókù ń tà, gbèsè ni mo máa jẹ. Bí mo bá fi owó lé e, àwọn oníbàárà á kọjá lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ta ni yóò san owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi? Ṣé Lúùkù mọ èyí?”

Ó rọrùn fún àlùfáà láti dáhùn kíákíá. Mo lè sọ fún un pé òṣùwọ̀n ti Lúùkù kì í ṣe ti gàrí, ti àánú ni, èmi fúnra mi ni mo sì kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ àná. Mo tún lè fi òfin keje lé e lórí, kí n sì ní kí ó máa lọ. Ẹnu mi kò gbà mí láti ṣe èkínní, nítorí mo rí i pé obìnrin yìí ti ka Ìwé náà jìnnà jù mí lọ. Èmi fi ibẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́. Òun wo inú ìsọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni Antony Mímọ́ ti Íjíbítì ṣe gbọ́ ìhìnrere ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́rọ̀ nínú ilé ìjọsìn, tí ó gbà pé òun ni a ń bá wí, tí ó jáde, tí ó sì fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Èkejì ńkọ́? Ebi àwọn ọmọ mẹ́ta kì í ṣe ohun tí a fi ń dẹ́rù ba ìyá wọn.

A ka ìtàn Sákéù pọ̀, ní Lúùkù orí 19. Mo ní kí ó sọ ohun tí Olúwa wa sọ nípa owó fún Sákéù. Ó wá a, kò rí i. Olúwa kò sọ nǹkan kan nípa owó. Ó kàn ní kí ó sọ̀ kalẹ̀, nítorí òun yóò wọ̀ ní ilé rẹ̀ ni. Sákéù fúnra rẹ̀ ni ó dìde tí ó ní òun yóò fi ìdajì ohun ìní òun fún àwọn tálákà, òun yóò sì san ìlọ́po mẹ́rin padà fún ẹni tí òun bá ti rẹ́ jẹ. Bẹ́ẹ̀ Ìwé Léfítíkù kò bèèrè tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó rẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ tí ó sì jẹ́wọ́: ohun tí ó gbà, pẹ̀lú ìdá kan nínú márùn-ún lórí rẹ̀, ni òfin wí. Ìlọ́po mẹ́rin jẹ́ ti olè tí ó jí àgùntàn, tí ó pa á tàbí tí ó tà á. Sákéù fi òṣùwọ̀n tí ó wúwo jù wọn ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. Katikísìmù Ìjọ wa, ní nọ́ńbà 2412, mú un ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo ẹni tí ó ní ohun olóhun lọ́wọ́.

Nígbà tí ó yá, a sọ ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ kí àgbàlagbà méjì sọ ọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé kò sí òfin Ọlọ́run kan tí ó ní kí ó tà ní iye tí ẹlòmíràn ń tà. Ó lè dá iye sí ọjà rẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ jáde; ohun tí kò lè ṣe ni kí ó pe ohun tí kò pé ní odindi. Kóńgò méjèèjì gbọ́dọ̀ kúrò, ti rírà àti ti títà, ní ọjọ́ kan náà. Ó ní ti rírà ni ó dun òun jù, nítorí àwọn oníbàárà ìlú kò ṣeé kà, ṣùgbọ́n àwọn ìyá oko yẹn, òun mọ orúkọ wọn, òun sì mọ ọmọ wọn. Àwọn wọ̀nyí ni ó pinnu láti san nǹkan padà fún, díẹ̀díẹ̀, nípa fífi kóńgò gidi rà, kí ó sì máa fi èènì sí owó wọn. Ti àwọn tí kò mọ̀, ọwọ́ àwọn tálákà ni yóò gbà san án, gẹ́gẹ́ bí Ìjọ ti máa ń kọ́ni.

Mo fẹ́ kí n lè sọ fún yín pé ọjà rẹ̀ tà wàràwàrà láti ọjọ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà àkọ́kọ́, kò ta ìdajì ohun tí ó máa ń tà. Oníbàárà kan bú u nítorí owó tí ó lé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi í bóyá ó fẹ́ di ẹni mímọ́ ní orí wọn ni. Obìnrin kan ṣoṣo ni ó wọn tirẹ̀ wò nílé, tí ó padà wá rà sí i. Títí di bí mo ti ń kọ èyí, kò tíì rí èrè tí ó máa ń rí tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Níbi yìí ni mo ti fẹ́ yíjú sí ẹ̀yin tí ẹ ń rà. Ìwé Òwe, orí 20, sọ nípa òṣùwọ̀n oríṣi méjì ní ẹsẹ 10, ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ 14 pẹ̀lú: oníbàárà kan wà níbẹ̀ tí ń wí pé ọjà náà kò dára, kò dára, nígbà tí ó bá sì gbà á tán, yóò máa yangàn lọ. Ta ni kò mọ oníbàárà yìí? Àwa ni. Àwa tí a máa ń ná ọjà títí ìyá aláàárù kò fi ní rí nǹkan gbé lọ sílé, tí a ó tún na ọwọ́ gba èènì. Èmi kò sọ pé oníbàárà ni ó ń fi òòlù lu ìdí kóńgò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kò jìnnà sí òòlù náà. Aránṣọ tí ó ń ṣẹ́ aṣọ oníṣẹ́ kù, akọ̀wé tí ó dé ní aago mẹ́wàá tí ó kọ aago mẹ́jọ sílẹ̀, olùkọ́ tí ó ń ta ojúlówó ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé lẹ́yìn tí ó ti sùn ní kíláàsì: kálukú mọ kóńgò tirẹ̀, èmi kò ní tò wọ́n tán.

Tèmi ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí ìyá náà lọ tán, mo jókòó sí àga mi, mo sì bi ara mi pé kí ni ó wà lọ́wọ́ mi tí ìdí rẹ̀ wọ inú. Kò pẹ́ kí n tó rí i. Bíríkìlà kan wà tí ó tún ògiri ọgbà wa mọ. Mo ná an títí ó fi rẹ̀ ẹ́, mo sọ fún un pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Lẹ́yìn tí ó sì ṣe é tán, mo fi ìdajì owó rẹ̀ pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo ń sọ pé kí ó padà wá. Ìwé Mímọ́ kan náà tí mo ń kọ́ yín ní kí owó alágbàṣe má sùn mọ́ ẹni lọ́wọ́ di òwúrọ̀. Owó náà sì wà nínú àpótí. Mo ránṣẹ́ pè é ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo san án, mo sì fi kún un. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wò mí lójú, ó ní, “Fádà, ṣé kò sí nǹkan o?”

Ẹgbẹ́ Ẹni Mímọ́ Vincent de Paul yóò máa ra gàrí àwọn aláìní ní ìsọ̀ tí òṣùwọ̀n rẹ̀ pé, ní iye tí olówó rẹ̀ bá pè é, láìná an ní ànájù. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀, lẹ́yìn Mísà ìrọ̀lẹ́, ìwé wòlíì Ámósì ni a ó kà, orí 8, láti ẹsẹ 4 títí dé ẹsẹ 7. Ẹ mú Bíbélì yín dání, ẹ sì ti ka orí 7 kí ẹ tó wá.